ÈÈPO TÍ À Ń DÀ SÍ ÀÀTÀN LÈ DI INÁ ÀÀRÒ WA

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ní Ara. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò lè wá.

  

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe obìnrin oníwèé ńlá. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tí bàbá mi fi ní ó tó. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, díẹ̀ nínú rẹ̀ mo kà á, díẹ̀ mo bi àwọn ọmọ wa tó kàwé, èyí tó kù, ojú mi ló rí i, ọwọ́ mi yìí ló sì ṣe é. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ẹ rántí pé díẹ̀ ló kù kí a fa aṣọ ya mọ́ ara wa lọ́rùn nítorí ààtàn ẹ̀yìn ọjà. Àwọn aláṣọ ní èèpo gbágùúdá ń rùn, eṣinṣin ń bà lé ọjà àwọn, oníbàárà kì í lè dúró yẹ aṣọ wò. Irọ́ kọ́, òótọ́ ni. Àwọn onígààrí ní, "Níbo ni kí á dà á sí? Ṣé kí á jẹ ẹ́ ni?" Òótọ́ nìyẹn náà. Ẹnì kan wá dìde, ó ní kí a kúkú kó àwọn onígààrí kúrò nínú ọjà pátápátá. Mo jókòó níbẹ̀, mò ń kọ ọ́ sínú ìwé mínítì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Onígààrí ni èmi náà. Gààrí ni mo fi tọ́ ọmọ mi márààrún.

Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, n ò lè sùn. Mo ń rò ó pé bí a bá lé onígààrí lónìí, ẹ̀gbin olóúnjẹ ni yóò kàn lọ́la, tí ó bá di ọ̀túnla, ti elépo. Ọjà wo ló kù? Ibẹ̀ ni mo ti ń bi ara mi pé, kí ni a tiẹ̀ ń pè ní ẹ̀gbin yìí gan-an?

OHUN TÍ ÈÉFÍN ṢE FÚN MI

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ n sọ ti ojú mi. Ojú òsì mi yìí ti ń bo funfun, ẹ̀yin tí a jọ ń jókòó mọ̀ pé bí ẹ bá gba apá ibẹ̀ wá, n kì í tètè rí yín. Mo lọ rí dókítà. Ó bi mí pé, "Ìyá, iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe?" Mo ní mò ń yan gààrí. Ó ní láti ìgbà wo? Mo ní láti ọdún 1978. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Èéfín kì í ṣe ọ̀rẹ́ ojú o, ìyá." Kò sọ pé òun nìkan ló fà á, ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Kì í ṣe ojú nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, àwọn tí à ń pè ní WHO, ṣírò pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé láti ara igi, èédú, bọ́tọ́ àti kẹrosíìnì tí a fi ń dáná pa ènìyàn tó mílíọ̀nù 3.2 ní gbogbo ayé. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn lé ní 237,000. Ọmọ ta ni wọ́n? Ọmọ àwa tí à ń pọ̀n sẹ́yìn nídìí ààrò ni.

Ẹ wá wo igi náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ilé la ti ń ṣẹ́gi. Lónìí, igi tí a fi ń yan gààrí ní Ara, láti oko jíjìn ni ọkọ̀ ti ń kó o wá. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ẹ mọ ohun tí owó ọkọ̀ ti dà. Owó ọkọ̀ wọ inú owó igi, owó igi wọ inú owó gààrí. Oníbàárà kò sì mọ èyí, ó ní a ń rẹ́ òun jẹ.

Ṣé ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí? Lápá kan, à ń fi owó ra ohun tí a ó sun. Lápá kejì, à ń da ohun tó lè jó sí ààtàn, ó ń rùn, ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

ÀWỌN ÌYÁ WA KÒ DA NǸKAN NÙ

Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun ni mo gbé wá o. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí, ẹ jẹ́rìí mi. Nígbà tí àwọn ìyá wa bá fún epo tán ní ẹbu, ṣé wọ́n ń da ìhá ẹyìn nù? Òun ni wọ́n fi ń ṣáná, òun ni wọ́n fi ń ṣe ògùṣọ̀. Èèpo ekùrọ́ ńkọ́? Alágbẹ̀dẹ ń wá a kiri, nítorí iná rẹ̀ mú, ó sì ń pẹ́. Èèpo kòkó, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sun ún, eérú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ṣùkù àgbàdo, inú ààrò ló ń lọ. Èèpo gbágùúdá, ewúrẹ́ ló ni ín.

Ìgbà tí kẹrosíìnì wà ní pọ́ọ́kú ni a fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀. A ní ti ará oko ni. Ní báyìí tí kẹrosíìnì àti gáàsì ti di ti olówó, ó yẹ kí á padà sí ohun tí à ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí á ṣe é dáadáa jù bí a ti ń ṣe é lọ, kí èéfín rẹ̀ má pa wá.

OHUN TÍ ÀWỌN MÌÍRÀN TI ṢE

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ẹ ó ti gbọ́ orúkọ Songhaï. Ọmọ Nàìjíríà ni àlùfáà tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1985, Fadá Godfrey Nzamujo. Oko ni, ilé ẹ̀kọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé nǹkan kan kì í ṣòfò. Ìgbẹ́ ẹran àti ohun ọ̀gbìn tó jẹrà ń wọ inú ihò tí wọ́n dé pa, gáàsì ìdáná ń jáde níbẹ̀, ohun tó kù ń padà sí oko bí ajílẹ̀.

Ní Ìbàdàn wa níbí, àwọn kan wo ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù tó ń ṣàn láti ilé ìpẹran Bódìjà, wọ́n ṣe ètò pé kí wọ́n sọ ọ́ di gáàsì. Wọ́n pe ètò náà ní Cows to Kilowatts, ó sì gba ẹ̀bùn SEED ti àgbáyé ní ọdún 2005.

Ẹ tún wo Èkó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá ń rí èéfín tó ń rú láti ọ̀dọ̀ àwọn onípákó ní Òkóbàbà. Sọ́dọ́ọ̀sì ni wọ́n ń dáná sun lásán, iná tó yẹ kó se oúnjẹ fún ènìyàn, ó wá ń fín gbogbo àdúgbò léèéfín. Ṣé àwọn sọ́míìlì tó yí wa ká níbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ náà?

Èyí tí yóò wọ ara ọ̀pọ̀ yín lára nìyí. Àwa ará Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, kò sí ilé tí kò ní ọmọ ní Àbíjàn. Ẹ bi wọ́n léèrè ìlú Aboisso, ní ìlà oòrùn Àbíjàn, níbi tí oko ọ̀pẹ pọ̀ sí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Biovea dáwọ́ lé ilé iná mànàmáná kan níbẹ̀ tó jẹ́ megawatt 46. Kì í ṣe epo bẹntiróòlù ni wọn yóò máa sun níbẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ àti ìdọ̀tí ọ̀pẹ ni. Imọ̀ ọ̀pẹ tí àgbẹ̀ ń gé sọ sílẹ̀ lásán, wọ́n ní àwọn yóò máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ o! Èyí tí a fi ń gbálẹ̀.

Ó ku ti ọtí tí ọkọ̀ ń mu. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí a bá ṣáná sí ògógóró tó dáa, ó ń jó. Ẹtánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sọ kò jìnnà sí ìyẹn. Láti ọdún 1975 ni ìjọba ilẹ̀ Bràsíìlì ti bẹ̀rẹ̀ ètò Proálcool, pé kí wọ́n máa fi ìrèké ṣe ẹtánọ́ọ̀lù fún ọkọ̀. Ìrèké tí wọ́n ti fún gbẹ, wọn kì í dà á nù, òun náà ni wọ́n ń sun láti fi yí ẹ̀rọ. Nàìjíríà náà gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní ọdún 2007, pé kí á máa da ẹtánọ́ọ̀lù ìdá mẹ́wàá mọ́ bẹntiróòlù ìdá àádọ́rùn-ún, kí á sì máa fi gbágùúdá àti ìrèké ṣe é. Títí di òní, a ò tíì rí i kó délé epo wa.

Ní tèmi o, n ò kánjú sí ìyẹn. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Tí ọkọ̀ àti ènìyàn bá jọ ń ná gbágùúdá kan ṣoṣo lọ́jà, ta ni owó rẹ̀ yóò pọ̀ jù? Ọlọ́kọ̀ ni. Tálákà ni kò ní rí gààrí mu. Nítorí náà, èèpo ni mo ní kí á lò, n ò ní kí á fọwọ́ kan gbágùúdá tí ènìyàn lè jẹ.

AGBỌ̀N MẸ́TA

Mo ti wo ààtàn wa dáadáa. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀gbin kan náà. Bí a bá pín in sí agbọ̀n mẹ́ta láti ìsọ̀, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Agbọ̀n kìíní, èèpo gbágùúdá tútù tó mọ́. Èyí kì í ṣe fún iná ní àkọ́kọ́. Ẹran ni kó jẹ ẹ́. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn, láti ILRI àti IITA, ti fi ọ̀nà kan hàn tí kò ju agbára wa lọ. Wọ́n ní kí á lọ èèpo náà nínú ẹ̀rọ tí a fi ń lọ gbágùúdá, kí á fún omi rẹ̀ kúrò bí a ti ń fún ti gààrí, kí á kù ú, kí á sì sá a. Tẹ́lẹ̀, èèpo odindi ń lo ọjọ́ méjì, mẹ́ta nínú oòrùn, ó sì lè hu. Èyí tí a lọ tí a fún, ọjọ́ kan ló fi ń gbẹ bí oòrùn bá wà. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń mú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ ẹran jáde. Ẹ̀rọ ìlọgbágùúdá ńkọ́? Ó wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀rọ ìfúngààrí ńkọ́? Ó wà. Ohun tó kù ni kí á má jẹ́ kí iyanrìn wọ̀ ọ́, kí á sì ṣe é lọ́jọ́ tí a bó o.

Agbọ̀n kejì, àwọn ohun gbígbẹ: ṣùkù àgbàdo, èèpo ekùrọ́, sọ́dọ́ọ̀sì, èèpo ẹ̀pà, àti èèpo gbágùúdá tó ti gbẹ ṣùgbọ́n tó ti dọ̀tí tí ẹran kò lè jẹ mọ́. Èyí ni ti iná. Òun ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí.

Agbọ̀n kẹta, àwọn ohun tútù tó ń jẹrà: ewé ẹ̀fọ́, tòmáátì tó ti bàjẹ́, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo iṣu, àti bọ́tọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ran. Èyí ni wọ́n fi ń ṣe báyógáàsì, irú ti Songhaï tí mo sọ. Inú ihò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni wọ́n ń kó o sí pẹ̀lú omi. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á jẹ ẹ́, gáàsì á máa jáde. Bí ẹ bá fẹ́ fi èèpo gbágùúdá sí i, ẹ kò gbọdọ̀ fi òun nìkan sí i, nítorí ó máa ń kan jù, àwọn kòkòrò náà á sì kú. Bọ́tọ́ ni kó pọ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà tó mọṣẹ́ ni o, owó rẹ̀ sì pọ̀. N ò ní kí á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

BÍ A ṢE Ń ṢE ÌṢÙ ÈÉDÚ

Àwọn òyìnbó ń pè é ní bíríkẹ́ẹ̀tì. Mo ti ṣe é pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́rin nínú wa. Bí a ṣe ṣe é nìyí.

Èkíní, kí ohun tí ẹ fẹ́ lò gbẹ. Mo ní kí ó gbẹ o! Kí ẹ ṣẹ́ ṣùkù àgbàdo kó dún.

Èkejì, ẹ wá dúrọ́ọ̀mù onírin àtijọ́, ẹ lu ihò díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ẹ gbé e lé orí òkúta mẹ́ta. Ẹ kó ṣùkù sínú rẹ̀, ẹ ṣáná sí i. Èéfín rẹ̀ á kọ́kọ́ nípọn, á funfun. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Nígbà tí èéfín náà bá ti fẹ́lẹ́, tí kò funfun mọ́, ẹ dé e pa. Ẹ fi ẹrẹ̀ dí ihò ìsàlẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Ibí yìí ni àṣírí wà. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé, eérú ni ẹ ó bá. Bí kò bá wọlé, èédú ni. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tutù pátápátá.

Ẹ̀kẹta, ẹ gún èédú náà, kí ẹ kù ú. Odó tí ẹ kì í fi gúnyán o.

Ẹ̀kẹrin, ẹ po sítáàṣì gbágùúdá bí ẹni ń po ẹ̀kọ, kó ki díẹ̀. Bí lúbúlúbú èédú bá jẹ́ kílò mẹ́wàá, sítáàṣì gbígbẹ kílò kan tó, ó tiẹ̀ lè dín. Ẹ pò ó pọ̀ bí ẹni ń po àmọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ kì í sínú agolo mílíìkì tí ẹ ti gé ìdí rẹ̀ kúrò, ẹ fi igi tì í mọ́lẹ̀ kó le, kí ẹ tì í jáde. Ẹ sá a fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó dáa, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kó já sílẹ̀ láti ìbàdí. Bí ó bá fọ́ yángá, sítáàṣì rẹ̀ kò tó tàbí ẹ ò kì í dáadáa. Bí ó bá ń rú èéfín lórí iná, èédú rẹ̀ kò jinná tàbí kò gbẹ.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe já sí fún wa, n ò ní purọ́. Ìgbà àkọ́kọ́, inú òjò la ṣe é, ní oṣù keje. Ìṣù èédú wa kò gbẹ, ó hu funfun, a kó gbogbo rẹ̀ padà sí ààtàn. Àwọn aládùúgbò mi fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgbà kejì, a lo èèpo gbágùúdá nìkan. Ó jó, ṣùgbọ́n eérú rẹ̀ pọ̀, nítorí iyanrìn oko ti lẹ̀ mọ́ ọn, a kò gbọ̀n ọ́n. Ìgbà kẹta, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, a da ṣùkù àgbàdo pọ̀ mọ́ èèpo ekùrọ́. Àpò mẹ́rin ṣùkù gbígbẹ, àpò kan lúbúlúbú èédú la rí níbẹ̀, ẹ má ṣe retí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dáná ọ̀hún! Mo fi se ẹ̀wà, ẹ̀wà jinná, iná kò tíì kú. Ìdí ìkòkò mi kò dúdú bí ti tẹ́lẹ̀. Mo jókòó tì í, ojú mi kò ta mí.

ÀWỌN ÌKÌLỌ̀

Mo ní ìkìlọ̀ mẹ́rin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wọ́n ṣeré.

Àkọ́kọ́, èédú tí kò rú èéfín kì í ṣe èédú tí kò lè pa ènìyàn. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú iná èédú tí kò ní òórùn, tí ojú kò rí. Ẹ má gbé iná èédú wọ yàrá tí ẹ tilẹ̀kùn rẹ̀ sùn, ì báà jẹ́ nínú ọyẹ́. Ẹni tó bá sùn tì í lè má jí. Ìta tàbí ibi tí fèrèsé méjì wà ni kí ẹ ti lò ó.

Ìkejì, ẹ má kó gbogbo ohun tó wà ní oko wá. Pòpórò àti ewé tó jẹrà sórí ilẹ̀ ni oúnjẹ ilẹ̀. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ á ṣá, gbágùúdá ọdún tó ń bọ̀ á kéré. Ohun tó ti dé ọjà àti ẹbu ni kí á lò.

Ìkẹta, omi gbágùúdá. Oró wà nínú rẹ̀. Ewúrẹ́ tó mu ún ní òjò tó kọjá, ẹ mọ ẹni tó ni ín, ẹ sì mọ̀ pé ó kú. Bí a bá tiẹ̀ tún èèpo ṣe, tí omi yẹn ṣì ń ṣàn gba àárín ọjà lọ sí odò, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Ihò tí a gbẹ́ jìnnà sí kànga ni kó máa lọ.

Ìkẹrin, ọ̀rọ̀ owó. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan wá bá àwọn obìnrin kan tí mo mọ̀, ó ní òun yóò bá wọn ra ẹ̀rọ tí ń sọ pàǹtírí di gáàsì. Wọ́n dáwó. Títí di òní, wọn ò rí ẹ̀rọ, wọn ò rí ọkùnrin náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá, ẹ ní kó kọ́kọ́ dáná rẹ̀ lójú wa. Ohun tí a bá rí tó ń ṣiṣẹ́ la ó sanwó fún. Kò sì sí ọmọ ẹgbẹ́ tó gbọdọ̀ fi orúkọ ẹgbẹ́ gbowó láìsí rìsíìtì Akápò.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Á FẸNU KÒ LÉ LÓRÍ

Mo mọ̀ pé àwọn aláṣọ á ní, "Akọ̀wé, onígààrí lo wà fún." Rárá o. Mo gbà pé ẹ jìyà òórùn náà. Mo sì gbà pé bí a ò bá ṣe nǹkan kan kí òjò tó dé, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti tún dìde. Ṣùgbọ́n ẹ fún wa ní ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí:

1. Kí onígààrí kọ̀ọ̀kan, olóúnjẹ kọ̀ọ̀kan àti elépo kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí lo agbọ̀n mẹ́ta láti ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ẹni tó bá da èèpo sílẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀ aláṣọ, kó san owó ìtanràn bí òfin ẹgbẹ́ ti wí. Bó jẹ́ èmi ni, kí n san án.

2. Kí ẹgbẹ́ fún àwa márùn-ún tí a ti bẹ̀rẹ̀ ní àyè kan lẹ́yìn ọjà fún oṣù mẹ́ta. Dúrọ́ọ̀mù méjì la nílò, a ti ní ọ̀kan. A kò tọrọ owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fún èkejì, a ó dá a láàárín ara wa.

3. Kí aláṣọ méjì wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Mo fẹ́ kó jẹ́ àwọn tó bínú jù. Àwọn ni kó máa wo ààtàn lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa sọ fún ìpàdé bóyá ó ń dín.

4. Kí á kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀: iye àpò tó wọlé, iye ìṣù èédú tó jáde, iye tí a tà, iye tí a ná. Bí ó bá di ìparí oṣù kẹta tí èrè kò sí níbẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó dìde sọ ọ́ níbí.

Mo gbọ́ kí ẹnì kan ní ìsàlẹ̀ sọ pé, "Èló la fẹ́ rí nínú ìdọ̀tí?" Ìyá mi, n ò mọ iye tí yóò jẹ́ lọ́dún kan. Ohun tí mo mọ̀ ni iye tí mo ń ná lórí igi lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin náà mọ tiyín. Bí a bá dá ìlàjì rẹ̀ dúró sápò, èrè nìyẹn. Bí onílé oúnjẹ méjì, mẹ́ta bá tún ń ra ìṣù èédú lọ́wọ́ wa, èrè orí èrè ni. Bí a kò bá sì jà mọ́ nínú ìpàdé, ẹ̀yin náà ẹ díwọ̀n iye tí ìyẹn tó.

Mo ti dàgbà. Bóyá ojú mi yìí á tún là, bóyá kò ní là mọ́, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi obìnrin ti ń bá mi jókòó nídìí agbada báyìí ní ọjọ́ Sátidé. Ó ń fi ọwọ́ nu ojú, èmi náà ń wò ó. N ò fẹ́ kí dókítà bi í ní ìgbà ogójì ọdún pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

Ẹ lọ rò ó. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ wo bó ṣe ń jó, kó yà sí ìsọ̀ mi ní ọjọ́ ọjà, n ó dáná rẹ̀ lójú rẹ̀, kó sì bá mi jẹ nínú ẹ̀wà rẹ̀.

 Ọlọ́run á bá wa tún ọjà wa ṣe, kò ní jẹ́ kí ohun tí yóò là wá di ohun tí yóò tú wa ká. Àmín.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ara.